Richard Lander, òyìnbó tó gba Ìlaròó kọjá kó tó mọ ẹnu odò Ọya

Ẹni tó bá lọ sílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láyé àwọn òyìnbó amúnisìn kò lè gbàgbé bí àwọn tíṣà ṣe máa ń fi pàṣán kọ́ ọmọ pé Mungo Park ló ṣàwárí odò Ọya, àti pé Richard Lander pẹ̀lú àbúrò rẹ̀, John, ló rí ibi tí odò náà ti wọ òkun. Bí ẹni pé àwọn Tápà tó ń pẹja níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò mọ̀ pé odò wà níwájú ilé wọn! Àmọ́ ohun tí àwọn tíṣà kì í sábàá sọ ni pé kí Lander tó fojú kan odò yẹn, ilẹ̀ Yewa ló kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ̀. Ẹ̀gbádò ni wọ́n ń pe agbègbè náà nígbà yẹn, ọdún 1995 ni wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yewa. Ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọkùnrin yìí gba ibẹ̀ kọjá, ẹ̀ẹ̀kan nínú rẹ̀ ló sì kọ orúkọ ìlú Ìlaròó sínú ìwé rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ahọ́n òyìnbó kò jẹ́ kó kọ ọ́ dáadáa, Larro ló pè é.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì ọdún 1804 ni wọ́n bí Richard Lander ní ìlú Truro, ní ẹkùn Cornwall, ní ìpẹ̀kun gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òkun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ilẹ̀ ká. Bàbá rẹ̀ ní ilé ọtí níbẹ̀. Kì í ṣe ọmọ olówó, ìwé tó kà kò sì tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbélé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tó tẹ̀lé oníṣòwò kan wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí àwọn erékùṣù West Indies, níbi tí ibà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó padà sílé, ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ fún àwọn ọlọ́lá, ó sì tẹ̀lé wọn dé ilẹ̀ Faransé. Nígbà tó di ọdún 1823, ó tún tẹ̀lé ọ̀gá míràn lọ sí Cape, ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà.

Ní ọdún 1825 ló gbọ́ pé ọ̀gágun ojú omi kan, Captain Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ń múra àtipadà sí ilẹ̀ adúláwọ̀. Clapperton ti gba aginjù Sàhárà dé Ṣókótó lọ́dún 1824, ó sì ti fojú kan Sultan Muhammad Bello. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣì ń jà ràn-ìn láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó nígbà náà: níbo ni odò Ọya ń lọ? Àwọn kan ní inú odò Nile ló ń wọ̀, àwọn kan ní odò Congo ni, àwọn míràn sì ní ńṣe ló ń gbẹ sínú iyanrìn aginjù. Mungo Park tó fẹ́ mọ̀ ọ́n ti bá omi lọ ní Bùsà ní nǹkan bí ọdún 1806. Lọ́tẹ̀ yìí, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí Clapperton gba etíkun wọlé dípò aginjù. Lander, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó mú òun dání gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀. Ó gbà.

Ọkọ̀ ogun tí wọ́n ń pè ní Brazen ló gbé wọn wá sí Àgbádárìgì ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1825. Adélé, ọba Èkó tí wọ́n lé kúrò lórí ìtẹ́, ló ń gbé níbẹ̀ nígbà náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì ti gba àyè láti wọ inú ilẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n tọ̀ kì í ṣe ọ̀nà tuntun. Òun ni ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́-Ilé ti ń gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò sọ̀kalẹ̀ wá sí Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì láti ọjọ́ pípẹ́, ojú ọ̀nà náà ni wọ́n sì ti ń kó ẹrú wá fún àwọn Potogí. Ajẹ́lẹ̀ Aláàfin ló wà ní Ìjánà, tí kò jìnnà sí Ìlaròó, òun ló ń mójú tó ọ̀nà náà fún Ọ̀yọ́.

Wàhálà kò pẹ́ kó tó dé. Ilẹ̀ àbàtà ẹ̀yìn Àgbádárìgì kún fún ẹ̀fọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òyìnbó náà ń sùn ní gbangba lálẹ́ láìmọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń fa ibà. Kí oṣù kejìlá tó parí, ibà ti dá gbogbo wọn dùbúlẹ̀. Captain Pearce kú sójú ọ̀nà, Dókítà Morrison tó sì padà sẹ́yìn kó lè rí ìtọ́jú kú sí Ìjánà. Clapperton àti Lander náà ṣàìsàn títí, àwọn aláàárù ló ń fi àsomọ́ gbé wọn kiri.

Síbẹ̀, ohun tí Clapperton kọ sílẹ̀ nípa àwọn ará ibẹ̀ lásìkò ìpọ́njú yẹn yẹ kí gbogbo ọmọ Yewa mọ̀. Ó ní ọjọ́ mẹ́jọ ni àwọn fi rìn tó 60 máìlì, pẹ̀lú ẹrù rẹpẹtẹ, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ aláàárù láti ìlú dé ìlú, síbẹ̀ kò sí ohun tí ó tó ṣílè kan tó sọnù. Òyìnbó aláìsàn ni wọ́n, wọn kò lè ṣọ́ ẹrù wọn, ẹni tó bá fẹ́ jí i ì bá ti jí i. Ní Ìjánà, ó rí àwọn ilé ìhunṣọ tí òfì mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀kan ṣoṣo, ó rí ilé àwọn aláró, ó sì rí ilẹ̀kùn tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí lára. Ẹni tó bá ti wo àwọn ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ agbègbè náà rí kò ní ṣiyèméjì.

Ní oṣù kìíní ọdún 1826, wọ́n dé Ọ̀yọ́-Ilé. Aláàfin Májòtú gbà wọ́n tayọ̀tayọ̀, Lander sì fi fèrè kàkàkí òyìnbó tó mú dání dá wọn lára yá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìyàwó wáyé, tí Aláàfin gbọ́ pé ìyàwó kan ṣoṣo ni ọba òyìnbó ń fẹ́, ẹ̀rín pa gbogbo ààfin. Kábíyèsí ní òun kò tilẹ̀ mọ iye ìyàwó tòun, àmọ́ bí wọ́n bá so ọwọ́ pọ̀, wọn yóò tò dé Ìjánà. Ẹ fi ojú inú wo bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó!

Wọ́n kúrò níbẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Bọ̀rgú, níbi tí opó olówó kan tí wọ́n ń pè ní Zuma ti dìídì fẹ́ fi Clapperton ṣe ọkọ ní ìlú Wawa, tó tún ń tẹ̀lé wọn kiri pẹ̀lú ìlù àti àwọn ẹrú rẹ̀. Wọ́n yọ nínú ìyẹn, wọ́n dé Ṣókótó, ṣùgbọ́n ogun Bọ̀rnú ti sọ ọkàn Sultan Bello di líle, kò jẹ́ kí wọ́n lọ síwájú. Ìgbẹ́ ọ̀rìn dá Clapperton dùbúlẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹrin ọdún 1827. Lander nìkan ló kù nínú gbogbo òyìnbó tó wọ ilẹ̀ láti Àgbádárìgì. Òun fúnra rẹ̀ ló sin ọ̀gá rẹ̀, tó sì ka ìwé àdúrà lórí sàréè. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n gbà láti máa ṣe ìtọ́jú aṣọ àti oúnjẹ ló wá di olórí ìrìn-àjò, tí ìwé àti àkọsílẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó gbìyànjú láti gba ọ̀nà odò Ọya lọ sí etíkun, àmọ́ àwọn ẹlẹ́ṣin Zaria dá a padà. Ló bá tún gba ọ̀nà tó gbà wá. Ó la ilẹ̀ Yorùbá kọjá, ó sì dé Àgbádárìgì ní oṣù kọkànlá ọdún 1827.

Ibẹ̀ ni ikú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú láti ọdún 1807, ọkọ̀ ogun wọn sì ń ṣọ́ òkun láti mú àwọn ọkọ̀ ẹrú. Àwọn Potogí tó ń ra ẹrú ní Àgbádárìgì rò pé bí òyìnbó yìí bá délé, yóò tú àṣírí ọ̀nà òwò wọn. Wọ́n lọ sọ fún Adélé àti àwọn ìjòyè pé amí ni, ó wá wo ilẹ̀ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ lè wá gbà á. Wọ́n mú Lander lọ sí ilé òrìṣà, àwọn èrò tó di ohun ìjà mú yí i ká, wọ́n sì gbé omi èèpo igi olóró kan fún un. Ẹni tó bá jẹ̀bi, wọ́n ní yóò kú, ẹni tó bá jàre, kò ní ṣe nǹkan kan. Ká sọ òtítọ́, àwọn tó ń mu ún tí wọ́n sì ń yè kò pọ̀. Lander gbà á, ó mu ún tán, ó rìn jáde láàárín èrò láìṣubú. Bó ṣe wọlé báyìí, ó fi omi gbígbóná fa èébì, ó bì í jáde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí wọ́n rí i pé ó wà láàyè, ẹnu ya gbogbo ìlú, wọ́n sì gbà pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Adélé náà wá di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1828, ọkọ̀ gbé e kúrò, ó délé ní ìparí oṣù kẹrin.

Ẹlòmíràn ì bá ti jókòó sílé. Lander gbé iyàwó, ó bímọ, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ odò Ọya kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ní kó tún lọ, owó tí wọ́n ṣèlérí fún un kò ju pọ́n-ùn 100 lọ. Àbúrò rẹ̀, John, tó ń ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ní òun yóò bá a lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ìjọba kò sì jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ọdún 1830 ni wọ́n wọ ọkọ̀ onígbòkun kékeré kan tó ń jẹ́ Alert ní Portsmouth. Ìrìn-àjò ojú òkun yìí kò ní ìkánjú nínú. Wọ́n dúró ní Cape Coast, ní ilẹ̀ Gáná òde òní, wọ́n dúró ní Accra, wọ́n wọ ọkọ̀ míràn tó ń jẹ́ Clinker, afẹ́fẹ́ sì ń tì wọ́n lọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́bàá etíkun. Nígbà tó di ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹta, wọ́n fi ọkọ̀ igi la ìgbì òkun já, wọ́n sì bọ́ sílẹ̀ ní Àgbádárìgì. Nínú àwọn tó bá wọn dé ni Pasko, ọmọ Hausa tó gbọ́ èdè púpọ̀, tó sì ti tẹ̀lé Clapperton nígbà àkọ́kọ́. Ọ̀gbẹ́ni yìí ti jí ẹrù Clapperton sá lọ rí, wọ́n sì ti mú un padà, ṣùgbọ́n láìsí òun, ẹnu Lander ì bá dí ní ọ̀pọ̀ ìlú. Àwọn tíṣà kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní orúkọ Pasko.

Aṣọ tí àwọn ọmọ Lander wọ̀ nìkan tó ìran wò. Fìlà koríko tó fẹ̀ bí agbòòrùn, agbádá pupa bíi ti àwọn Mùsùlùmí, ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀ bíi ti àwọn ará Turkey àti bàtà gígùn. Wọ́n rò pé ó máa bá ara ilẹ̀ mu. Ńṣe ni gbogbo Àgbádárìgì jáde wá wò wọ́n, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Adélé dá wọn dúró nítorí ẹ̀bùn. Ohun tó ń béèrè kì í ṣe kékeré, ó tilẹ̀ ní kí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ogun ránṣẹ́ sí òun. Lópin gbogbo rẹ̀, ọkọ̀ igi ńlá Adélé ni wọ́n wọ̀ lóru ọjọ́ tí oṣù kẹta parí. Wọ́n tukọ̀ gba inú ọ̀sà lọ, kí wọ́n tó fẹsẹ̀ lé ẹrẹ̀ àti igbó. Bí wọ́n ṣe ń lọ síwájú ni ilẹ̀ ń dára sí i, tí oko ń pọ̀. Wọ́n dé Ìlaròó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, èrò sì jáde wá wo àwọn òyìnbó. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ sí Ìjánà.

Nǹkan ti yí padà ní Ìjánà. Ajẹ́lẹ̀ tí Lander mọ̀ ti kú, òmíràn ti gorí oyè. Àṣà ìgbà náà ni pé àwọn kan nínú ìyàwó rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a kú lọ. Ọ̀kan nínú wọn ti sá pamọ́, àmọ́ wọ́n rí i, wọ́n sì ní kó yan èyí tó bá wù ú, kó gbé májèlé mu tàbí kí wọ́n fi kùmọ̀ pa á. Ó yan májèlé, ó sì wá sínú àgbàlá tí àwọn Lander wọ̀ sí láti lo ìyókù ọjọ́ rẹ̀ láàárín àwọn ẹrú rẹ̀. Ó ń sunkún, ó ń sún ọjọ́ síwájú, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń dúró. Ìwé Lander fi hàn pé ó ṣì wà láàyè nígbà tí wọ́n kúrò ní ìlú náà. Kò sí ibì kan nínú gbogbo ìrìn náà tó bani lọ́kàn jẹ́ tó ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí àlejò méjì lè ṣe sí i.

Ọ̀yọ́-Ilé tí wọ́n dé ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù karùn-ún kì í ṣe Ọ̀yọ́ tí Lander mọ̀ tẹ́lẹ̀. Odi rẹ̀ ti ń wó, àwọn Fúlàní Ìlọrin sì ti ń gba ilẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò tó ọdún mẹ́wàá sí i tí ìlú náà fi tú pátápátá, ilẹ̀ Ẹ̀gbádò náà sì di pápá ogun, torí kò sí Ọ̀yọ́ tí yóò gbèjà rẹ̀ mọ́.

Láti ibẹ̀, Bùsà. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni wọ́n rí lára ìwé Mungo Park. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n wọ ọkọ̀ igi, wọ́n sì jẹ́ kí odò Ọya máa gbé wọn lọ. Ìrìn yìí dùn ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń dúró ní erékùṣù àwọn apẹja, wọ́n jẹ àlejò ìjòyè kan tí orúkọ oyè rẹ̀ túmọ̀ sí ọba omi dúdú, wọ́n ń ra iṣu àti ẹja lẹ́bàá omi. Lóru ọjọ́ kan tí òjò àti mànàmáná ń jà, àwọn erinmi yí ọkọ̀ wọn ká, tí wọ́n ń bú ramúramù. Bí ọ̀kan bá ta orí lu ìdí ọkọ̀, ó parí nìyẹn, nítorí wọn kò rí ibi gúnlẹ̀ sí nínú òkùnkùn. Ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá, wọ́n kọjá ibi tí odò Benue ti dara pọ̀ mọ́ Ọya, níbi tí Lọ́kọ́jà wà lónìí.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá ni ọkọ̀ ogun àwọn ará ìsàlẹ̀ odò dojú kọ wọ́n nítòsí ọjà kan tó ń jẹ́ Kirri. Wọ́n kó gbogbo ẹrù wọn, ìwé àkọsílẹ̀ Richard sì bá omi lọ. Ti John ló kù. Wọ́n kó wọn lọ bá Obi, ọba Aboh, tó ní òun kò ní fi wọ́n sílẹ̀ àfi bí òun bá gba ọjà tó tó iye owó ẹrú 20. King Boy, ọmọ ọba Brass, bá wọn san án, pẹ̀lú àdéhùn pé ọ̀gákọ̀ òyìnbó tó wà lẹ́nu odò yóò san án padà fún un pẹ̀lú èrè. Wọ́n dé ẹnu odò, wọ́n rí ọkọ̀ Thomas lóòótọ́, wọ́n sì ti mọ̀ báyìí pé inú òkun ni odò Ọya ń wọ̀. Àmọ́ ọ̀gákọ̀ náà, Captain Lake, tí ibà ti pa lára àwọn ènìyàn rẹ̀, kọ̀ jálẹ̀. Kò san kọ́bọ̀. King Boy padà lọ́wọ́ òfo pẹ̀lú ìbínú, ojú sì ti Lander ju bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú lọ. Ó ṣòro láti dá King Boy lẹ́bi. Òyìnbó ló jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Wọ́n délé ní oṣù kẹfà ọdún 1831. Olùtẹ̀wé John Murray san gínì 1,000 fún ìwé wọn, tó jáde ní apá mẹ́ta. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé ní London, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1830, fi ẹ̀bùn àkọ́kọ́ irú rẹ̀, gínì 50 láti ọ̀dọ̀ Ọba William Kẹrin, dá Richard lọ́lá.

Ohun tí wọ́n rí kò jẹ́ kí àwọn oníṣòwò Liverpool sùn. Ọ̀nà omi ti là wọ inú ilẹ̀, epo pupa àti eyín erin sì wà níbẹ̀. Ní ọdún 1832, Macgregor Laird kó ọkọ̀ elééfín méjì jọ, Quorra àti Alburkah, èyí tí wọ́n fi irin ṣe. Wọ́n mú Lander àti Pasko dání. Nínú òyìnbó 48 tó lọ, mẹ́sàn-án péré ló padà, ibà ló pa èyí tó pọ̀ jù.

Ibà kọ́ ló pa Lander. Ní oṣù kìíní ọdún 1834, bó ṣe ń fi ọkọ̀ igi gbé owó ẹyọ àti ọjà lọ fún Alburkah, wọ́n yìnbọn fún wọn láti etí odò ní Angiama, ọta wọ ọ́ ní itan. Wọ́n tukọ̀ sá àsálà dé òkun, wọ́n gbé e dé erékùṣù Fernando Po, tó ń jẹ́ Bioko lónìí, àmọ́ ojú ọgbẹ́ ti bàjẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ló kú, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Àwọn ará Truro kọ́ òpó gíga kan ní ìrántí rẹ̀ lọ́dún 1835, ọdún 1852 ni wọ́n tó gbé ère rẹ̀ sórí rẹ̀. John, tí ìwé rẹ̀ là nínú omi Kirri, kú ní ọdún 1839.